Oríkì Kúkúrú, Àbùdá Púpọ̀: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ sí Ìkọ́ni ní Onígun-Mẹ́rin ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama

Ìfáárà

Ọ̀kan lára àwọn ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ ìṣirò máa ń kà sí èyí tó rọrùn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ẹ̀kọ́ lórí àbùdá onígun-mẹ́rin. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà kọ́ ọ kò ṣòro láti ṣàpèjúwe. Olùkọ́ yóò ya àwòrán mẹ́fà sójú pátákó: square, rectangle, parallelogram, rhombus, trapezium àti kite. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni yóò kọ àbùdá mẹ́rin tàbí márùn-ún sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò dà á kọ, wọn yóò kọ́ ọ sórí, wọn yóò sì tú u jáde lọ́jọ́ ìdánwò. Bí ìdánwò bá ti kọjá tán, ohun tó máa ń kù lọ́kàn wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ju àwòrán square àti ti rectangle lọ, àwọn méjèèjì yìí sì rèé, wọ́n ti mọ̀ wọ́n láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Àwọn olùkọ́ a máa sọ pé ọmọ ìwòyí kò ní iyè inú. Èrò àpilẹ̀kọ yìí yàtọ̀ sí ìyẹn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé wọn kò ya oríkì nǹkan sọ́tọ̀ kúrò lára àbùdá rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ àwòrán ni akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé ó wà ní ipò kan náà, kò sì sí èyí tó mọ̀ pé ó bí òmíràn. Bí kò bá ti sí òbí, tí kò sì sí ọmọ, kò sí ohun tí ẹ̀rí lè ṣe níbẹ̀, àkọ́sórí nìkan ló kù.

Adégbàyí àti agbègbè rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá, ní ẹ̀bá títì tó jáde láti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀, ni àpilẹ̀kọ yìí ti mú àpẹẹrẹ. Ìdí ni pé oko ń di ilé níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ilẹ̀ tí bàbá àgbà fi dá oko kòkó àti ti ẹ̀gẹ́ ni àwọn ọmọ-ọmọ ń gé ní pílọ́ọ̀tì pílọ́ọ̀tì tà. Ní irú àyíká bẹ́ẹ̀, onígun-mẹ́rin kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú pátákó nìkan. Ọ̀rọ̀ owó ni, a sì máa di ọ̀rọ̀ ẹjọ́ nígbà mìíràn.

Ibi tí iṣẹ́ dé dúró

Lílo èdè Yorùbá láti kọ́ni ní ìṣirò kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àṣeyẹ̀wò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ‘A’ ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà láti kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹfà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àbájáde rẹ̀, tó di ìwé ní ọdún 1989, fi hàn pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yọ nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn, títí kan ìṣirò. Ní àwọn ọdún 1980, àjọ NERDC gbé àkójọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò jáde ní àwọn èdè Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Èdè-ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lé èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Jíọ́mẹ́tírì ilé-ẹ̀kọ́ girama kò rí ibi fẹ̀yìn tì nínú méjèèjì.

Ohun kan tún wà tí lámèyítọ́ kò lè gbójú fò. Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìṣirò àwọn Yorùbá, òǹkà ni wọ́n máa ń sọ. Iṣẹ́ Robert Armstrong ní 1962 dá lé òǹkà. Òǹkà nínú kíláàsì ni ìwé Helen Verran tó jáde ní 2001 náà gùn lé. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, nítorí òǹkà Yorùbá, pẹ̀lú àyọkúrò inú rẹ̀, jinlẹ̀ ju ohun tí ojú lásán lè rí lọ. Ṣùgbọ́n Yorùbá kì í kan ka nǹkan. Ó ń kọ́lé, ó ń pààlà oko, ó ń hun ẹní, ó sì ń ya àdìrẹ. Ìrísí àti ìwọ̀n àyè kò tíì rí onígbọ̀wọ́ tó pọ̀ tó ti òǹkà.

Ní ti òfin ìjọba, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ tó jáde ní 1977 fi èdè abínibí sí ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí ó gba ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti wọ́gi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó ní kí wọ́n fi èdè abínibí nìkan kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Síbẹ̀, ẹni tó bá mọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Lágelú tàbí ní Ọ̀nà-Àrà mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá ti le, olùkọ́ a yí sí Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì wà lójú pátákó, Yorùbá wà lẹ́nu. Yorùbá ẹnu yìí kò sí nínú ìwé kankan, kò sì sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ tó ń ṣini lọ́nà

Yorùbá ẹnu yẹn ní àléébù tirẹ̀. ‘Onígun mẹ́rin’ ni ọ̀pọ̀ ń pe square. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ rectangle, wọn yóò ní ‘onígun mẹ́rin gígùn’. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, orúkọ wo ló kù fún gbogbo ìdílé náà, títí dé èyí tí kò ní ìhà kankan tó dọ́gba pẹ̀lú òmíràn? Àpilẹ̀kọ yìí fi onígun-mẹ́rin sílẹ̀ fún gbogbo ohun tó bá ní ìhà mẹ́rin àti igun mẹ́rin, ì báà wọ́, ì báà gún. (Kí olùkọ́ sì má ṣe fi àmì ohùn ṣeré: bí igun bá di igún, onígun mẹ́rin á di ẹni tó ń sin igúnnugún mẹ́rin.)

Irú ìtumọ̀ tó mú igun ọ̀tún wá fún right angle náà kò dára, nítorí kò sí ọwọ́ ọ̀tún kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Igun tó gún régé, tí í ṣe igun onídígírì 90, ti tó. Ìlà méjì tí wọ́n jọ ń lọ, tí àlàfo àárín wọn kì í yí padà, tí wọn kò sì lè pàdé láé, ni àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pè ní ìlà ajọrìn. Ìlà tó ti igun kan lọ sí igun tó kọjú sí i ni yóò máa jẹ́ ìlà àtigundégun, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti ń sọ àtìrandíran. Ní ti parallelogram, rhombus, trapezium àti kite, orúkọ tí ìwé ìdánwò ń lò ni kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ wọ́n sí. Ẹni tó bá sì túmọ̀ kite sí àwòdì yóò rí i pé ẹyẹ ló kó wọ kíláàsì.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ‘oríkì’. Nínú ìwé àwọn onímọ̀ Yorùbá, òun ni wọ́n sábà máa ń lò fún gbólóhùn tó sọ ohun tí nǹkan jẹ́ gan-an, tó sì là á sọ́tọ̀ kúrò lára gbogbo nǹkan mìíràn. ‘Àbùdá’ sì ni ti ìwà àti ìrísí tí nǹkan ní. Ọ̀rọ̀ méjèèjì dára. Ṣùgbọ́n oríkì ti ní iṣẹ́ láwùjọ kí ó tó di ọ̀rọ̀ ìwé. Akígbe ọba kì í fi oríkì ọba ṣe ṣókí. Bí ó bá ṣe ń rí ọ̀rọ̀ ni yóò máa fi kún un, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wí pé ohun tó sọ lẹ́ẹ̀kan ló tún gba ọ̀nà mìíràn sọ. Ní jíọ́mẹ́tírì, bí oríkì bá ti kúrú tó ni iyì rẹ̀ ti pọ̀ tó. Ohun tí ó bá ti lè fi ẹ̀rí jáde láti inú ọ̀rọ̀ tó ṣáájú, kò ní ipò nínú oríkì mọ́, àbùdá ni. Ọmọ tó kó gbogbo àbùdá márùn-ún jọ gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn sí ìbéèrè ‘kí ni rectangle?’ kò ya ọ̀lẹ. Oríkì ló ń kì, bí ilé ṣe kọ́ ọ.

Yorùbá kan náà sì ní oríkì tó kúrú. Àjàní, Àlàbí, Àṣàkẹ́, Àdùkẹ́: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibí yìí ni olùkọ́ ìbá ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnìkan bá dúró ní oríta Adégbàyí tó pe Àjàní, ó lè jẹ́ ènìyàn mẹ́wàá ni yóò dáhùn. Orúkọ náà kúrú, ṣùgbọ́n kò tó láti yan ẹnìkan. Bí ó bá fi orúkọ bàbá àti agboolé kún un, ẹnìkan ṣoṣo ni yóò yíjú. Bí ó bá tún wá fi àwọ̀ ara, gíga àti iṣẹ́ ẹni náà kún un, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni náà ti dáhùn ná. Oríkì tó péye ni èyí tó tó, tí kò sì sí àlékún nínú rẹ̀.

Ẹ wo rectangle. Bí wọ́n bá sọ pé onígun-mẹ́rin tí igun rẹ̀ mẹ́ta gún régé ni, ó ti tó. Igun kẹrin kò ní ibi tí yóò lọ, nítorí àpapọ̀ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ dígírì 360, mẹ́ta sì ti kó 270 lọ. Láti ibẹ̀, ìhà tó kọjú síra yóò di ajọrìn. Láti ara ajọrìn, wọn yóò dọ́gba. Láti ara ìyẹn, ìlà àtigundégun méjèèjì yóò dọ́gba, wọn yóò sì pín ara wọn sí méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó rí i báyìí kò ní ohun márùn-ún láti kọ́ sórí. Ohun kan ló ní, àti ọ̀nà tí mẹ́rin yòókù gbà tẹ̀lé e.

Pílọ́ọ̀tì tó wọ́

Ohun tí àìmọ ìyàtọ̀ yìí ń ná ènìyàn hàn gbangba nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Láyé àtijọ́, pèrègún ni wọ́n ń gbìn sí ààlà oko, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kò sì ká ẹnikẹ́ni lára púpọ̀ nítorí ilẹ̀ pọ̀. Nísinsìnyí, ilẹ̀ ti di 50 ní 100 ẹsẹ̀ bàtà. Ká ní ẹni tó ń rà á di ìkángun téèpù kan mú, ẹni tó ń tà á di ìkejì mú, wọ́n wọn ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: 50, 100, 50, 100. Gbogbo rẹ̀ pé. Wọ́n ní ó ti di pílọ́ọ̀tì kan, 5,000 ẹsẹ̀ bàtà níbùú-lóròó.

Kò tíì di bẹ́ẹ̀. Ohun tí téèpù sọ ni pé ìhà tó kọjú síra dọ́gba. Parallelogram ni ìyẹn fi hàn. Kò fi rectangle hàn. Bí igun kan níbẹ̀ bá jẹ́ dígírì 60 dípò 90, ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò ṣì pé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà yóò jẹ́ nǹkan bí 4,330 níbùú-lóròó. Nǹkan bí 670 ti lọ, èyí tó ju ìdá mẹ́wàá ilẹ̀ náà lọ dáadáa, ẹnikẹ́ni kò sì purọ́ ìwọ̀n kankan. Oríkì tí kò tó ló jẹ ẹ́.

Àṣìṣe yìí ti pẹ́ láyé. Lára ògiri tẹ́ḿpìlì Edfu ní Íjíbítì, àkọsílẹ̀ ilẹ̀ wà níbẹ̀ láti ìgbà tó kángun sí ìbí Jésù, tí wọ́n ṣírò pẹ̀lú ọ̀nà kan: kí wọ́n ro ìhà méjì tó kọjú síra pọ̀, kí wọ́n pín in sí méjì, kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìhà méjì yòókù, kí wọ́n sì sọ àbájáde méjèèjì di púpọ̀. Ọ̀nà náà kì í dín ilẹ̀ kù láé. Àfi tó bá bá rectangle gan-an pàdé, yóò sọ ilẹ̀ di ohun tó tóbi ju bó ti rí lọ. Ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń gba owó orí lórí ilẹ̀ ló máa ń gbè.

Ìwọ̀n kan ṣoṣo ló yẹ kí ẹni tó ń ra ilẹ̀ yìí fi kún un: kí ó wọn ìlà àtigundégun. Ní pílọ́ọ̀tì tó gún régé, méjèèjì yóò jẹ́ nǹkan bí 112 ẹsẹ̀ bàtà. Ní èyí tó wọ́ sí dígírì 60, ọ̀kan yóò jẹ́ nǹkan bí 87, èkejì yóò sì lé ní 132. Kò sí ojú tí kò ní rí ìyàtọ̀ náà. Iṣẹ́ súfíà kọjá èyí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi téèpù rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó ti jókòó sí kíláàsì onígun-mẹ́rin ní odindi sáà kan yẹ kó lè sọ fún bàbá rẹ̀ pé ìwọ̀n mẹ́rin kò tó.

Bíríkìlà àti ìdà kejì ọ̀rọ̀

Bíríkìlà mọ̀ ọ́n. Nígbà tó bá fẹ́ la ìpìlẹ̀ ilé, yóò rin èèkàn mẹ́rin mọ́lẹ̀, yóò ta okùn yí wọn ká, yóò wọn ìhà tó kọjú síra, lẹ́yìn náà ni yóò wọn láti igun dé igun lọ́nà méjèèjì. Bí wọn kò bá dọ́gba, yóò ti èèkàn díẹ̀ títí wọn yóò fi dọ́gba. Káfíńtà náà ń ṣe é fún férémù ilẹ̀kùn. Paulus Gerdes, tó kọ iṣẹ́ púpọ̀ lórí jíọ́mẹ́tírì inú iṣẹ́ ọwọ́ ní Mòsáńbíìkì, ṣàkọsílẹ̀ pé àwọn àgbẹ̀ tó ń kọ́lé níbẹ̀ ń ṣe irú rẹ̀, àti pé wọ́n tún ní ọ̀nà mìíràn: wọn yóò mú okùn méjì tó gùn bákan náà, wọn yóò so wọ́n pọ̀ ní agbede-méjì, wọn yóò sì fà wọ́n le, ìkángun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni igun ilé.

Ohun tó yẹ kí lámèyítọ́ ṣàkíyèsí níhìn-ín ni ìhà tí ọ̀rọ̀ náà kọjú sí. Ìwé kíláàsì sọ pé: bí ó bá jẹ́ rectangle, ìlà àtigundégun rẹ̀ dọ́gba. Bíríkìlà ń lo ìdà kejì rẹ̀: bí ìhà tó kọjú síra bá dọ́gba, tí ìlà àtigundégun sì dọ́gba, rectangle ni. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Gbogbo òjò ló ń wá láti ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó wá láti ojú ọ̀run ni òjò. Bí olùkọ́ bá kọ́ ìhà kan ṣoṣo, kò kọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi kọ́lé.

Ẹ̀rí ìdà kejì náà kò gùn. Ká pe igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní A, B, D, E, kí wọ́n tẹ̀lé ara wọn yípo. Onígun-mẹ́ta ABD àti onígun-mẹ́ta BAE jọ ní ìhà AB. Ìhà BD dọ́gba pẹ̀lú AE, nítorí wọ́n kọjú síra. AD dọ́gba pẹ̀lú BE, nítorí àwọn ni ìlà àtigundégun. Ìhà mẹ́ta bá ìhà mẹ́ta mu, nítorí náà onígun-mẹ́ta méjèèjì bára mu délẹ̀, igun tó wà ní A sì dọ́gba pẹ̀lú èyí tó wà ní B. Ṣùgbọ́n AE àti BD jẹ́ ajọrìn, àpapọ̀ igun méjèèjì yìí sì jẹ́ 180. Ohun méjì tó dọ́gba, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 180, 90 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlà márùn-ún péré ni èyí gbà lójú pátákó.

Àwọn kan wà tí wọn yóò dúró sórí yíyin bíríkìlà, tí wọn yóò sọ pé àwọn baba ńlá ti mọ jíọ́mẹ́tírì tipẹ́, kí wọ́n sì fi ibẹ̀ parí ìwé wọn. Ìyìn náà tọ́, ṣùgbọ́n kò kọ́ ọmọ ní ohunkóhun. Bíríkìlà mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Kò sí ìdí tí yóò fi bi ara rẹ̀ bóyá ìlà àtigundégun tó dọ́gba nìkan ti tó. Iṣẹ́ kíláàsì ni ìbéèrè yẹn. Ìdáhùn rẹ̀ sì ni pé kò tó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ọ̀pá méjì tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5, kí ó dábùú wọn, kì í ṣe ní agbede-méjì, ṣùgbọ́n ní ẹsẹ̀ bàtà 2 sí orí àwọn méjèèjì. Bí ó bá fa ìlà yí ìkángun wọn ká, trapezium ni yóò rí, èyí tí ìhà rẹ̀ méjì tí kì í ṣe ajọrìn dọ́gba. Ìlà àtigundégun rẹ̀ dọ́gba délẹ̀délẹ̀. Àjàní kan tún ni, ó jẹ́ ọmọ agboolé mìíràn.

Square nínú agboolé rectangle

Gbólóhùn tó ń fa ẹ̀rín jù nínú ẹ̀kọ́ yìí ni pé ‘rectangle ni square’. Ọmọ tí kò rẹ́rìn-ín yóò rò pé olùkọ́ ṣì í sọ. Wọ́n sábà máa ń ka èyí sí àìlóye. Ó sì sàn kí wọ́n wádìí ibi tó ti wá. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, Yorùbá a máa pe nǹkan ní orúkọ tó sún mọ́ ọn jù. Òótọ́ ni pé ará ìlú ni ọba, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pe ọba ní ará ìlú ti rí ọba fín. Bákan náà ló rí létí ọmọ nígbà tí wọ́n bá pe square ní rectangle: bíi pé wọ́n já a kúrò lóyè.

Euclid pàápàá ṣe bí ọmọ yìí. Nínú ìwé kìn-ín-ní rẹ̀, níbi tó ti to orúkọ àwọn onígun-mẹ́rin, ó ya square sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó gùn ju bó ti fẹ̀ lọ. Nígbà tó wá dé ibi ẹ̀rí, parallelogram ló fi ṣe ọ̀rọ̀, ó sì fi hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé ìhà àti igun tó kọjú síra dọ́gba. Ẹ̀rí kan náà bo rectangle, rhombus àti square mọ́lẹ̀. Èrè tó wà nínú kíkà wọ́n mọ́ agboolé kan náà nìyẹn: ohun tí wọ́n bá ti fi ẹ̀rí gbé fún olórí ilé, gbogbo ọmọ ilé jogún rẹ̀. Ọmọ Adégbàyí ni ọmọ Ẹ̀gbẹ́dá, ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ni ọmọ Ẹ̀gbẹ́dá. Ohunkóhun tó bá tọ́ sí gbogbo ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tọ́ sí ọmọ Adégbàyí láìjẹ́ pé wọ́n tún dárúkọ rẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1960 sí 1970, ìṣirò tuntun tó ti ọ̀dọ̀ ètò Entebbe wọlé sí Nàìjíríà gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ àkójọ, tí wọ́n ń pè ní set, kọ́ni ní irú ìbátan yìí. Ní 1977 ni ìjọba fòpin sí i, ẹjọ́ rẹ̀ sì pọ̀ ju ohun tí àyè wà fún níhìn-ín. Set kò kúrò nínú ìwé o, ṣùgbọ́n orí tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, ti onígun-mẹ́rin wà lọ́tọ̀, àwọn méjèèjì kì í kí ara wọn. Olùkọ́ tó bá fẹ́ lè mú wọn pàdé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá: kí ó fa òbìríkítí ńlá fún parallelogram, méjì nínú rẹ̀ fún rectangle àti rhombus, kí ó sì bi kíláàsì pé ta ló ń gbé ibi tí méjèèjì ti wọnú ara wọn.

Pierre van Hiele àti aya rẹ̀ Dina van Hiele-Geldof, olùkọ́ ará Nẹ́dálándì tí àwọn méjèèjì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Utrecht ní 1957, ṣàlàyé pé ọmọ a kọ́kọ́ fi ojú mọ ìrísí lódindi, lẹ́yìn náà ni yóò rí àbùdá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó tó wá rí bí àbùdá kan ti ń bí òmíràn. Wọ́n ní ìpele kọ̀ọ̀kan ní èdè tirẹ̀, pé olùkọ́ tó wà ní ìpele kan àti ọmọ tó wà ní òmíràn kì í gbọ́ ara wọn yé. Ọ̀rọ̀ yìí ba Nàìjíríà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí èdè ìpele àti èdè Gẹ̀ẹ́sì jọ dábùú ọ̀nà fún ọmọ kan náà. Àtẹ àbùdá ojú pátákó ń gbé e dé ìpele kejì, ó sì ń fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Bébà lè gbé e kọjá. Kí ọmọ ká bébà sí méjì, kí ó tún un ká sí méjì kí àmì ìká méjèèjì lè pàdé ní igun kan, kí ó wá fi sísọ́ọ̀sì gé igun náà kúrò ní ìlà kan tó dagun. Bí ó bá ṣí èyí tó gé kúrò, rhombus ni. Ìdí tó fi jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lójú rẹ̀: ojú sísọ́ọ̀sì kan ló gé ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dọ́gba, àmì ìká ni ìlà àtigundégun, wọ́n sì gún ara wọn régé. Kí olùkọ́ wá ní kí olúkúlùkù yí bó ti dagun padà títí ẹnìkan yóò fi rí square. Ẹni tó bá rí i mọ̀ pé òun kò kúrò nílé rhombus. Ibì kan báyìí nínú ilé náà ló dúró sí.

Ọ̀rọ̀ ìdánwò

Gbogbo èyí yóò jẹ́ àsọdànù bí ìbéèrè ìdánwò bá ń bá a lọ láti béèrè pé èwo nínú ìwọ̀nyí ni kì í ṣe àbùdá rhombus. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń san èrè fún àkọ́sórí, olùkọ́ tó ní ọgọ́ta akẹ́kọ̀ọ́ kò sì lè fi ọ̀la wọn ṣe àdánwò ọ̀nà mìíràn. Trapezium tilẹ̀ fi hàn bí àkọ́sórí ti lẹ́gẹ́ tó: ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti WAEC ń pè ní trapezium, trapezoid ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é, àwọn kan gbà pé ìhà ajọrìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ méjì péré, àwọn mìíràn ní ẹyọ méjì ó kéré tán. Ọmọ tó ti inú ìwé kan bọ́ sí òmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò pàdé méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, àfi tó bá mọ̀ pé oríkì ni ènìyàn ń yàn, àbùdá ló ń tẹ̀lé e.

Ìbéèrè mìíràn wà tí kò ní owó ìtẹ̀wé tó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Kí wọ́n sọ pé ẹnìkan ra ilẹ̀ tí ìhà rẹ̀ jẹ́ 50, 100, 50 àti 100 ẹsẹ̀ bàtà, kí wọ́n wá béèrè ìwọ̀n kan ṣoṣo tó yẹ kí ó tún gbà kí ó tó sanwó, àti ìdí rẹ̀. Ọmọ kan lè dáhùn pé ìlà àtigundégun méjèèjì, kí wọ́n dọ́gba. Òmíràn lè sọ pé ìlà àtigundégun kan ṣoṣo ti tó bí ó bá jẹ́ nǹkan bí 112, kí ó sì fi Pythagoras gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ̀kẹta lè ní igun kan ni òun yóò yẹ̀ wò, nítorí parallelogram tí igun rẹ̀ kan gún régé ti di rectangle. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba, ọ̀nà wọn kò sì dọ́gba. Ẹni tó bá sì kọ gbogbo àbùdá márùn-ún rectangle sílẹ̀ láì yan ọ̀kan kò tíì dáhùn ìbéèrè náà.